Irú ibùsùn wo ló yẹ ajá ńlá tí ó yan sìmẹ́ǹtì láàyò?

Ìyá Tanímọ̀la (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá. Mo ní ajá Jámánì kan, akọ, ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀, tí ó wọn kìlógíráàmù 36 nígbà tí a gbé e sórí òṣùwọ̀n kẹ́yìn. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé bàbá mi kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ sọ ajá ní Jack tàbí Rex nínú ilé tí òun bá ń wọ̀. Wọ́n ní orúkọ tí a ó fi máa pa òwe fún aládùúgbò ni àwọn àgbà ń sọ ajá.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ra ibùsùn ajá kan ní ọjà, irú èyí tí ó rí róbótó, tí irun rẹ̀ rọ̀ bí òwú, tí etí rẹ̀ sì ga yí ká. Owó tí mo san kò kéré. Ó sùn sínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru dé ni ó dìde kúrò níbẹ̀, kò sì padà mọ́. Sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, ni ó yàn. Mo gbé ibùsùn náà tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, ó fi imú tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ níṣojú mi.

Ǹ bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó yàn, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo rí i pé ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti òsì ti wú. Ó tó ẹyin adìyẹ, ó rọ̀ bí omi inú ọ̀rá, kò sì jọ pé ó ń dùn ún. Irun ibẹ̀ ti tán, awọ ibẹ̀ sì ti dúdú. Ẹnìkan ní kí n fi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde. Kí n tó dán ohunkóhun wò, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ibùsùn mìíràn ni kí n wá fún un, irú èyí tí ó yẹ, bí yóò ṣe tóbi tó, àti bí n ó ṣe ṣe é tí kò fi ní í kọ èyí náà. Ẹ̀rù eégbọn tún ń bà mí, nítorí pé nígbà tí mo gbọn ibùsùn àkọ́kọ́ yẹn, mo rí mẹ́ta nínú ojú-rírán rẹ̀.

Oníṣègùn Ẹran (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀, Màmá. Kí n tó sọ̀rọ̀ ibùsùn rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ kan ibi tí ó wú yẹn nínú ilé. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ àpò omi tí ara ajá ńlá máa ń fi bo eegun ìgúnpá nígbà tí eegun náà bá ń kan ilẹ̀ líle lójoojúmọ́, nítorí pé kò sí ẹran kan tó tó nǹkan láàárín awọ àti eegun níbẹ̀. Bí a bá gún un, omi yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò tún kún, torí sìmẹ́ǹtì tí ó fà á ṣì wà níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí sì lè gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, kí ohun tí kò dun ajá tẹ́lẹ̀ wá di oówo. Ẹ gbé e lọ kí oníṣègùn ẹran fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí yín. Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò, tí kò sì tíì pẹ́, ibùsùn gan-an ni oògùn rẹ̀: ó sábà máa ń fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí eegun bá ti bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ líle.

Ní ti kíkọ̀ tí ó kọ ibùsùn, ajá yín kì í ṣe aláìmoore. Ìlú olótùútù ni ìran rẹ̀ ti wá. Ní Jámánì, ní ọdún 1899, ni Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìdílé, ajá tí ń da àgùntàn ni wọ́n, irun ìpele méjì ni wọ́n sì ní, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ki jù. Ajá kì í sì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Ahọ́n tí ó yọ síta tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, àti àtẹ́lẹsẹ̀ níwọ̀nba, àti ikùn tí irun kò pọ̀ sí tí ó ń tẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù. Ibùsùn róbótó onírun jẹ́ ẹ̀wù òtútù fún un. Ẹ fi wọ̀ ọ́ nínú ọyẹ́, ó dúpẹ́. Ẹ tún fi wọ̀ ọ́ nínú oṣù Kẹta, ó bọ́ ọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ń wá ni ibùsùn tí kò gbóná, síbẹ̀ tí eegun kò ní í kan ilẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tí ó bá sùn lọ fọnfọn, kì í ṣe nígbà tí ó ká jọ nítorí òtútù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kí ẹ sì fi bí ogún sẹ̀ǹtímítà lé e. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí ó na ẹsẹ̀, ìyẹn ni fífẹ̀ rẹ̀. Fún ajá tó tó tiyín, gígùn 120 sẹ̀ǹtímítà àti fífẹ̀ 80 kò ní í pọ̀ jù. Ẹ má ṣe fi ojú ra fóòmù rẹ̀, orúnkún ni kí ẹ fi rà á: ẹ kúnlẹ̀ lé e lórí nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Bí orúnkún yín bá kan ilẹ̀, ìgúnpá ajá náà yóò kàn án. Fóòmù ínṣì mẹ́rin tí ó le díẹ̀ sàn ju ti ínṣì mẹ́jọ tí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọdẹ (Ṣakí)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á pé a ń kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí ajá. Ajá bàbá mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sùn sínú eérú ìdí ààrò ni, kò sì sí ọ̀kankan tí ìgúnpá rẹ̀ wú rí títí tí wọ́n fi darúgbó. Ajá ìbílẹ̀ tí irun rẹ̀ kúrú, tí kò wúwo, kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo tún rò ó, mo rí i pé ilẹ̀ erùpẹ̀ ni ti ilé bàbá mi, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ajá á kọ́kọ́ fi èékánná wa ilẹ̀, á yí po lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á sì dùbúlẹ̀ sínú kòtò kékeré tí ó wà, tí ilẹ̀ náà á fi gba àwòrán ara rẹ̀. Ta ni yóò wa sìmẹ́ǹtì? Ó dà bí ẹni pé àwa tí a da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé ni a gba ibùsùn lọ́wọ́ ajá.

Oníṣègùn Ẹran (Abẹ́òkúta)

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ sọ, mi ò sì ní ohun tí n ó fi kún un, àyàfi pé eérú ààrò kì í bá eégbọn rẹ́, bóyá ìyẹn náà wà nínú ọgbọ́n ajá yín.

Bàbá Onílé Kékeré (Ìkòròdú)

Èmi lo ibùsùn onírin tí a gbé sókè kúrò nílẹ̀ fún ajá mi, tí òun náà jẹ́ ìran Jámánì, mo sì lè sọ àṣìṣe mi kí ẹ má baà tún un ṣe. Wẹ́dà ni mo fún ní iṣẹ́ náà. Ó fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe férémù, ó gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi bo ojú rẹ̀ ni tapólì. Oṣù méjì ni èékánná fi fà á ya. Mo wá lo bánà ìpolówó tí wọ́n ti ká kúrò lójú títì, ìyẹn kò ya, àmọ́ ó ń yọ̀, ó sì gbóná ju sìmẹ́ǹtì ọ̀hún lọ. Kánfáàsì tó nípọn ni ó wá yanjú rẹ̀, mo fi okùn fà á le gbagbagba yí férémù ká, nítorí pé bí àárín rẹ̀ bá ti rọ̀ sísàlẹ̀ tí ó kan ilẹ̀, kí ni a wá ṣe?

Àṣìṣe tí ó burú jù ni ti ẹsẹ̀ férémù. Mo gbé e sórí táìlì láìfi nǹkan kan sí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí ajá kọ́kọ́ fò lé e, gbogbo rẹ̀ sún lọ, ó dún gbàràmù, ó sì gbà tó oṣù méjì gbáko kí ajá náà tó tún sún mọ́ ọn. Mo gé sílípáàsì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, mo fi wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sún mọ́.

Màmá, ẹ má ṣe fa ajá lọ bá ibùsùn. Ibi tí ó yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ tẹ́ aṣọ tí òórùn ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa ju ẹran díẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ó bá gòkè fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára tán, ẹ lè máa sún un díẹ̀díẹ̀ lọ sí abẹ́ òrùlé kí òjò tó dé.

Ìyá Tanímọ̀la (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fẹ́ dà wọ́n pọ̀: férémù onírin, kánfáàsì, kí n sì wá fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ṣé fóòmù náà kò ní í gbóná? Àti pé aládùúgbò mi kan fún mi ní ọ̀tápíápíá pé kí n fi wọ́n ibùsùn náà nítorí eégbọn. Ṣé kí n lò ó?

Oníṣègùn Ẹran (Abẹ́òkúta)

Ẹ má lò ó o! Oró tí ó wà nínú ọ̀tápíápíá, dichlorvos, kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín eégbọn àti ẹni tí ó ń lá ara rẹ̀ mọ́. Ajá yóò fi awọ mu ún, yóò fi imú fà á, yóò sì fi ahọ́n lá a. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn pàápàá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa eégbọn ajá ni pé kì í ṣe ara ajá ni ó ti ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó máa ń gun ajá láti kékeré títí ó fi dàgbà; lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó já bọ́ sílẹ̀, ó sì wá ibi tóóró kan sá pamọ́ sí. Abo tí ó bá yó á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Ògiri tí ó lanu kò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún aláǹgbá nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ irin ju pákó lọ, nítorí pé oríkèé pákó kún fún ibi ìsápamọ́. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ibùsùn náà ní síìpù, kí ẹ rán méjì, kí ẹ máa fi omi gbígbóná fọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn ọ̀sán. Oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ajá tàbí èyí tí ó ń gbé mì, kí oníṣègùn rẹ̀ yàn án gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ̀n. Bí ẹ bá rí i tí ìtọ̀ rẹ̀ pupa tàbí tí ó dúdú bíi kọfí, ẹ má dúró di ọ̀la: ibà eégbọn ń pa ajá.

Ní ti fóòmù, bí ẹ bá fi aṣọ òwú bò ó, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ kánfáàsì, ínṣì méjì yóò tó, ooru rẹ̀ kò sì ní í le.

Adé (Manchester)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn odi ni mo wà, ìṣòro tiwa sì fi orí kọ ibòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè ran Màmá lọ́wọ́. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní memory foam ni wọ́n ń polówó jù níbí fún ajá àgbà tí oríkèé ń dùn, òun ni mo sì rà fún ajá mi tí ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ó bá a lára mu nínú oṣù Kínní. Ooru ara ni ó ń mú kí fóòmù náà rọ̀, ó sì ń di ooru náà mú pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ọyẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ọjà: ti tèmi ní sẹ̀ǹtímítà 110, àmọ́ etí rẹ̀ tí wọ́n kì ti jẹ bí ọgbọ̀n nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ajá sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì láti alẹ́ dòwúrọ̀.

Ìyá Tanímọ̀la (Ìbàdàn)

Mo padà dé láti jábọ̀. Oníṣègùn tí ó fọwọ́ kàn án sọ pé àpò omi náà ni, kò gún un, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì yan oògùn eégbọn fún un. Mo wọ̀n ọ́n lálẹ́ nígbà tí ó ń han-run: sẹ̀ǹtímítà 104 láti imú dé ìdí ìrù. Wẹ́dà parí férémù lánàá òde yìí, mo gé sílípáàsì ọmọ mi àgbà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ (ó ṣì ń wá a), mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ táńkì. Lálẹ́ àkọ́kọ́, Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀, ó sì sùn sí abẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo bá orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì lórí fóòmù, ìdí rẹ̀ sì wà lórí sìmẹ́ǹtì. Ìgúnpá ni a kúkú ń wá ibi gbé sí.