Owó ọṣẹ, ìpara àti kúṣì (pámpásì) ọmọ ti pọ̀ jù: kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe nílé?

Ìyá Ìkókó, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi ń wa zem (ọ̀kadà akérò), èmi ń ta gàrí lọ́jà. Ohun tí à ń ná sórí kúṣì, ọṣẹ, pọ́dà, ìpara ọmọ àti Javel (omi tí à ń fi sọ aṣọ di funfun) ti ń wọ inú owó oúnjẹ. Mo fẹ́ máa ṣe ọṣẹ olómi fúnra mi, kí n sì máa fi òrí pa ọmọ lára. Aládùúgbò mi ní tí mo bá po Javel mọ́ fínígà, ilẹ̀ balùwẹ̀ á mọ́ tónítóní. Káńfọ̀ ni mo kó sáàárín aṣọ ọmọ nítorí aáyán. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n máa ṣe, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ìyàwó wa, kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á dá a sí. Ọṣẹ olómi kò le. Ra ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń gé tà lọ́jà, fi ọ̀bẹ họ ọ́ wẹ́wẹ́, dà á sínú omi gbígbóná bíi lítà méjì, máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí á fi yọ́ tán. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wàá rí i pé ó ti ki. Tó bá ki jù, bu omi sí i. Òun ni mo fi ń fọ abọ́ àti ìlédìí. Má dán an wò láti se ọṣẹ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò o. Sódà yẹn ń bó ara, ọmọ tó bá fi kan ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun ló máa jó. Ìdí ìkòkò ńkọ́? Eérú àti ewé ìpin ti tó o. Ní ti kúṣì, ìlédìí aṣọ ni kó máa lò lọ́sàn-án, kí o fi kúṣì sílẹ̀ fún òru.

Ẹ̀gbọ́n Ọkùnrin, Àjàṣẹ́
Má po Javel mọ́ fínígà láéláé! Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò gbọdọ̀ kàn án. Afẹ́fẹ́ kloríìnì ló ń jáde níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi bá àwọn ọmọ ogun jà ní 1915 nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ìlédìí tí ìtọ̀ ti rin náà, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa kí Javel tó kàn án, torí ìtọ̀ àti Javel náà máa ń di afẹ́fẹ́ tó ń ta ni lójú àti nímú. Omi tútù ni kí ẹ fi la Javel, ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ là, torí tí ó bá ti wà nínú omi, agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu.

Agbẹ̀bí, Àjàṣẹ́
Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Hóró funfun tí àwọn Faransé ń pè ní naphtaline yẹn, ẹ kó o kúrò nínú aṣọ ọmọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, kò sì sí àmì kankan lójú wọn. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú tàbí tó wọ aṣọ tó ti gbà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa bàjẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Nínú ọmọ tuntun, ibà pọ́njú tó bá le lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Tí ẹ bá rí àmì yìí, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Òrí dára, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ọrùn ọwọ́ ọmọ, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Ẹ má ná owó yín sórí pọ́dà, kò wúlò, ọmọ á sì máa fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó láti nu ìdí. Ọṣẹ dúdú le fún ara ìkókó, ẹ má lò ó lójoojúmọ́.

Ìyá Ìkókó, Kétu
Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Mo ti kó káńfọ̀ náà jáde. Àwọn aṣọ tó ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n fọ̀ wọ́n nìkan?

Agbẹ̀bí, Àjàṣẹ́
Fọ̀ wọ́n, sá wọn sí oòrùn àti afẹ́fẹ́, má wọ̀ wọ́n fún un títí òórùn náà á fi kúrò pátápátá. Nítorí aáyán, jẹ́ kí aṣọ gbẹ dáadáa, kí o kó o sínú ike tó ní ìdérí.

Ìyá Olórí, Sábẹ̀ẹ́
Tó o bá fẹ́ ra òrí, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ ṣe é ni kí o ti rà á. Gbọ́ òórùn rẹ̀ kí o tó sanwó: tó bá ti kan, má rà á fún ọmọ. Èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí náà, fi í sílẹ̀. Rà á díẹ̀díẹ̀, kí o tọ́jú rẹ̀ sínú abọ́ onídèérí níbi tí oòrùn kò dé.