Ọ̀dà kò tán o: èsì lórí "atan-lókùnkùn"

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín. Mo ti ní n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ajílòsún, ní lẹ́tà gàdàgbà, sùúrù mi tán.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àwọn ọ̀dọ́ kan ní Adó-Èkìtì ń pe ènìyàn sí yàrá tó ṣókùnkùn lálẹ́, kí wọ́n wá fi ọ̀dà tó ń tàn yàwòrán, kí wọ́n sì máa mu nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì dání rí gan-an ni wọ́n ń wá. Àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́ tí a ti ń jíròrò èdè wa yìí ló bá wọn kọ ìwé ìpè lédè wa, ohun tó sì kọ ni "Àṣálẹ́ Ọ̀dà Atan-lókùnkùn àti Ọtí, Ọ̀rẹ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀". Bàbá wa ará Ìjerò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ló dé tí "tan" fi wà lóhùn àárín. Àbúrò wa fèsì pé àwọn àgbà ni kò fẹ́ kí èdè dàgbà. Èsì yẹn dùn mí. Ta ló ń di èdè lọ́wọ́? Ohùn orí sílébù kan là ń béèrè.

Tàn ni fìtílà ń ṣe. Tán ni epo inú rẹ̀ ń ṣe. Tan ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nítorí a bára wa tan. Ọmọ kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì mọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ wọn, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ wá wo ògiri Ajílòsún. Wọn ò fi àmì ohùn kankan sí i. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ ògiri náà kà á sókè fún mi: "Ọ̀dà á tán lókùnkùn." Ó wá bi mí bóyá àwọn ọlọ́jà ló ń sọ pé kí ènìyàn tètè wá rà kó tó tán. Kì í ṣe pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó wà lójú ògiri ló kà, ó sì kà á dáadáa.

Àbúrò wa ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í sóhùn àárín ni, nítorí "tan iná" là ń wí. Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kí a dúró. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í gòkè sóhùn àárín lásán. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e gòkè. Mo ra iṣu, iṣu tí mo rà, mo rà á. Ó tan iná, iná tó tàn, ó tàn án. "Lókùnkùn" kì í ṣe àbọ̀. Ní òkùnkùn ni. Ẹ gbọ́ "ó sùn lókùnkùn" wò. Ẹni tó bá gbé ìyẹn gòkè, tó ní "ó sun lókùnkùn", àgbàdo tàbí iṣu la ó máa retí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yẹn bá tilẹ̀ máa wà, "atàn-lókùnkùn" ni kó jẹ́. Ẹ wá pe "ọ̀dà atàn" sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sọ fún mi bóyá etí yín ò gbọ́ ààtàn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá kà á lórí rédíò, ọ̀dà orí ààtàn ni Èkìtì máa gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń sọ̀rọ̀ ohun tí n kò rí. Mo lọ. Ọmọ àbúrò mi ló ra ìwé ìwọlé méjì, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kò gba kí ẹ mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀." Olùkọ́ ibẹ̀, ọmọbìnrin onísùúrù kan, pín aṣọ funfun tí wọ́n nà mọ́ igi fún wa. Ó fa ìlà òkè Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ sára tirẹ̀ níwájú, ó ní ká máa wò ó ká máa fà á. Ó pín ọ̀dà: ọ̀kan pupa bí iná, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan olómi ọsàn, ọ̀kan àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ló pa gílóòbù, ó tan iná elésè-àlùkò, yàrá ṣú, gbogbo ọ̀dà sì dìde lójú aṣọ. Ó dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́. Òkè tí mo ti ń wò láti kékeré, mo rí i tó ń jó pupa lábẹ́ ọwọ́ ara mi.

Kì í ṣe ọ̀dà nìkan ló tàn. Bùbá funfun ọrùn mi mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n gbé fìtílà sábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní èròjà kan nínú tó máa ń mú ìtànṣán tí ojú wa ò rí, tó sì ń dá a padà ní èyí tí ojú ń rí. Eyín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà tàn. Lórí tábìlì ohun mímu, zobo àti ẹmu dúdú sínú ife wọn bí òkùnkùn ṣe dúdú, ṣùgbọ́n omi tóníìkì, tí kò ní àwọ̀ kankan lójú ọ̀sán, ń tàn búlúù. Kuníìnì inú rẹ̀ ni. Kuníìnì kan náà wà lára ohun tí George Stokes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ń yẹ̀ wò nígbà tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ "fluorescence" fún irú títàn yìí lọ́dún 1852. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tó yá, iná lọ. Ká tó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹnì kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní "ìwọ ta nìyẹn?", òkùnkùn ò kúkú mọ ẹni ọ̀wọ̀. Mo wo aṣọ mi, n kò rí nǹkan kan. Pupa ti kú, ewé ti kú, ọsàn ti kú. Olósùnta bí ogún ló wà nínú yàrá yẹn, kò sí ẹyọ kan tó hàn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìràwọ̀ tí olùkọ́ fi ọ̀dà inú ìgò kékeré mìíràn tò sójú ọ̀run tirẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé.

Ẹ wò ó. Inú òkùnkùn biribiri la wà, "ọ̀dà atan-lókùnkùn" ò sì tàn.

Ọ̀dà méjì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ò lè gbé méjèèjì. Èyí tí wọ́n pín fún wa kì í tọ́jú nǹkan kan. Bí ìtànṣán àlùkò bá ti ń bọ̀, ó ń gbà á, ó ń dá a padà. Bí o bá pa iná, ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ekejì ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ pamọ́ tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a mọ̀ látijọ́, tí wọ́n fi zinc sulphide ṣe, kì í pẹ́. Ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ Nemoto ní Japan ṣe ti strontium aluminate jáde, òun ló ń tàn di òwúrọ̀. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn burú: radium ni wọ́n fi ń kun ojú aago ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Kò sí radium nínú tòní. Síbẹ̀, nígbà tí mo rí ọmọ àbúrò mi tó fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, mo gbá a lọ́wọ́.

Báwo la ṣe wá fẹ́ pè wọ́n? Àbúrò wa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "glow in the dark", ní ẹyọ-ẹyọ, ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta kan tó ń tàn bẹ́ẹ̀, fluorspar, ni Stokes wò tó fi sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórúkọ. "Phosphorescence" tó jẹ́ orúkọ ti ekejì, ará "phosphorus" ni, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹni tó gbé ìmọ́lẹ̀ dání, ìràwọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ tí àwa ń pè ní Àgùàlà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó jókòó tì í, ó rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Kò lọ wo ìwé atúmọ̀.

Lábà ìyá àgbà mi lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, bí òjò bá dá tí ilẹ̀ ṣú, àwa ọmọdé máa ń lépa tannátanná lẹ́yìn àká. A máa ń kó wọn sínú ìgò. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ tú u sílẹ̀ jàre, iná tirẹ̀ ló gbé dání, kò tọrọ ti yín." N kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọ̀dà inú ìgò kékeré yẹn. Nítorí náà, ọ̀dà tannátanná ni mo pe èyí tó ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó nílò iná àlùkò lórí kó tó lè tàn, ọ̀dà afinátàn: a-fi-iná-tàn. Iná ẹlòmíràn ló fi ń tàn. Ẹ kíyè sí i pé "iná" níbẹ̀ jẹ́ àbọ̀ fún "fi", kò kan "tàn", ìdí nìyẹn tí tàn fi dúró sísàlẹ̀ níbi tí bàbá ńlá wa fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkọ̀lé ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé "uná" là ń wí nílé, pé n kò gbọdọ̀ fi iná Ọ̀yọ́ pa uná Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ulé ni mo ti jẹ uṣu dàgbà, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Tan pẹ̀lú iná, tanná. Tan pẹ̀lú uná, tanná. Fáwẹ́lì tí a ń jà lé lórí ni ìpajẹ, pípa fáwẹ́lì kan rẹ́ nígbà tí méjì bá pàdé, ti gbé lọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Tannátanná ò gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, kò gbè sẹ́yìn wa. "Afinátàn" ni mo gbà pé ẹ ní ẹjọ́ lé lórí, nítorí n kò mọ fáwẹ́lì tí ẹ̀yin yóò fi sílẹ̀ láàárín "fi" àti "uná". Ẹ pè é kí n gbọ́.

Ìyá wa ará Ọ̀yẹ́ ní tòun, kì í ṣe "yà" ni ká máa lò rárá, pé ọ̀dà ni, kíkùn là ń kun ọ̀dà, nítorí náà "ìkunọ̀dà" ni iṣẹ́ alẹ́ náà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Kùn ni ká fi nǹkan bo ojú nǹkan tó ti wà. A kun osùn, a kun ẹfun, a kun ilé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àpéwò ní London lọ́dún 1924. Ó gbẹ́ ẹ tán kó tó kùn ún. Gbígbẹ́ ló bí ère, kíkùn ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Nínú yàrá Adó yẹn, kò sí Olósùnta kankan lójú aṣọ kí a tó dé. A yà á ni. Wọ́n ní ìdáhùn sí èyí, mo mọ̀, wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ìyókù ò gba àkókò. "Ọ̀rẹ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀": ta ni ọ̀rẹ́ ta níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ pé "ẹni tí kò yàwòrán rí náà lè wá", ó tán. "Ọtí" náà, ẹ yọ ọ́, ẹ fi "ohun mímu" síbẹ̀. Aládùúgbò mi kan fẹ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ó rí "Ọtí" nínú ìwé ìpè, ó pa dà sílé. Zobo ló sì pọ̀ jù lórí tábìlì tí mo rí.

Àbúrò wa, mo ti bá àwọn tó ni ètò náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa tẹ ìwé ìpè mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, àwọn sì ń dúró de ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ yìí bá fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ẹ bá mi fi àmì sórí rẹ̀ ní gbogbo ibi tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n ará Ìkọ̀lé, ẹ má gbàgbé ìbéèrè mi: nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí ni àwọn ìyá yín ń pe kòkòrò yẹn?