Ta ló yẹ kó dáhùn fún ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi tó fi bọ́ọ̀lù jẹun?

Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé ní Súrùlérè, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dúró sí, orí ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó bá ti òkè wá. Ní báyìí, wọ́n lè pọn omi ìwẹ̀ tán kí wọ́n gbàgbé pé àwọn fẹ́ wẹ̀. Dókítà kò tíì sọ pé bọ́ọ̀lù ló fà á, n kò sì fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jeff Astle, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2002, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé àìsàn tí iṣẹ́ fà ni; ìwádìí Yunifásítì Glasgow ní 2019 sì fi hàn pé àrùn tó ń jẹ ọpọlọ run pa àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ní Scotland ní nǹkan bí ìlọ́po 3.5 ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sìn pẹ́ jù ní àwọn kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan (ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní ta ló ní kó fi orí kàn án). Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan agbábọ́ọ̀lù? Ẹgbẹ́ ni kí a pè lẹ́jọ́ ni, àbí àjọ bọ́ọ̀lù? Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀. Ṣé lọ́yà lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀?