Ẹ gbà mí o, ewé maple mi ti ń gbẹ, ṣé kí n pààrọ̀ ìkòkò ẹ̀ lọ́la?

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Mo ra Japanese maple kan ní Júláì tó kọjá, bonsai ni, igi tí wọ́n ń gé kó lè máa kéré nínú ìkòkò, £85, ọkọ mi ò sì jẹ́ kí n gbádùn látìgbà náà, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló máa ń fi hàn, pé ẹ wá wo igi tí owó oúnjẹ wa bá lọ. Àbúrò ẹ̀ obìnrin wá kí wa ní Kérésì, ó ní ṣé ewé ẹ̀ ṣe é sè lọ́bẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Ọkùnrin tó tà á fún mi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí i, kò fèsì, bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gbowó, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin. Ní báyìí etí ewé ẹ̀ ti ń gbẹ, ó dà bí ìwé tí iná jó létí, àwọn kan ti ń já bọ́. Ìkòkò ẹ̀ ò ju abọ́ ìjẹun ọmọdé lọ. Mo sì fẹ́ kí ìdí ẹ̀ tóbi bíi tàwọn tí mò ń wò lórí fóònù, tó máa ń dà bí ìdí ìrókò. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀ ìkòkò? Mo ti ra yẹ̀pẹ̀, lọ́la ni mo fẹ́ ṣe é.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Ẹ ní sùúrù ná ma. Fẹ́búárì la wà. Maple tó bá wà níta ní Leeds ò gbọdọ̀ tíì ní ewé kankan lórí. Ewé wo ló wá ń gbẹ? Ibo lẹ gbé e sí?

Sísí Peckham
Tèmi, mẹ́ta ló kú. Àkọ́kọ́, mo ń bomi sí i láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, gbòǹgbò ẹ̀ jẹrà. Ìkejì, oòrùn ọ̀sán àti afẹ́fẹ́ ló jó ewé ẹ̀ tán. Ìkẹta mi ò mọ ohun tó pa á títí dòní. Ọjọ́ náà mo sunkún, ọmọ mi rò pé wọ́n pè mí láti ilé ni.

Alàgbà, Birmingham
Òkítóbà ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe tèmi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Alàgbà, ẹ má bínú sà, ti inú ọgbà lẹ̀ ń sọ. Bonsai tá a máa gé gbòǹgbò ẹ̀ yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá gé e ní Òkítóbà, ojú ọgbẹ́ ò ní tíì jinná tí òtútù á fi dé. Ìgbà tí èéhù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú tí kò tíì là ni, ìparí Fẹ́búárì wọ Máàṣì, lókè bíi Leeds ó lè di ìbẹ̀rẹ̀ Épírì. Èyí tó kéré, ọdún méjì méjì, èyí tó ti dàgbà, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Kẹ́ ẹ yọ ọ́ wò ló dáa jù: tí gbòǹgbò bá ti ń yí po nínú ìkòkò, tí omi ń dúró lójú yẹ̀pẹ̀ tí kì í tètè wọlé, àsìkò ti tó. Ẹ lè gé tó ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn tó nípọn tó ń lọ sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé jù, ẹ fi àwọn tín-ín-rín sílẹ̀.

Alàgbà, Birmingham
Èmi ò gé gbòǹgbò o. Mo kàn ń gbé e sínú èyí tó tóbi sí i ni.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn sà.

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Ẹ ṣé. Yẹ̀pẹ̀ tí mo rà dáa o, akadama ni, yẹ̀pẹ̀ amọ̀ oníhóró tí wọ́n ń kó wá láti Japan, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ ṣe é. Mi ò sì bomi jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Milton Keynes
Ibi tí igi wà ni wọ́n bi yín, ẹ̀ ń sọ ti yẹ̀pẹ̀. Ẹ dáhùn ma.

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Pálọ̀ ló wà, lójú fèrèsé, hítà wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má bú mi. Nígbà tí gbogbo ewé ẹ̀ já tán ní Nòfẹ́ńbà mo rò pé òtútù fẹ́ pa á ni, mo gbé e wọlé. Ìparí Jánúárì ló hu ewé tuntun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sì ti pààrọ̀ ìkòkò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Ọ́gọ́ọ̀sì, mo gé gbòǹgbò ẹ̀ dé ìdajì, fídíò kan ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Milton Keynes
Há! Ẹ sì fi gbogbo èyí pa mọ́ látàárọ̀.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò ẹ̀ lọ́la rárá. Ewé ẹ̀ ti là, ọgbẹ́ Ọ́gọ́ọ̀sì sì wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún gé e, ó máa kú. Oorun ló ń sùn nígbà tí ewé ẹ̀ já, inú òtútù ló ti ń sùn, ẹ̀yin lẹ jí i láàárín òru. Ooru gbígbẹ hítà yẹn ló ń jó etí ewé ẹ̀. Àmọ́ ẹ má sáré gbé e síta o, yìnyín á pa ewé tuntun yẹn. Ẹ wá ibi tútù tí kò ní hítà, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, tó bá di Méè kẹ́ ẹ máa gbé e síta díẹ̀díẹ̀, níbi tí oòrùn ọ̀sán ò ti ní bá a. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan báyìí. Máàṣì ọdún tó ń bọ̀ lẹ ó pààrọ̀ ìkòkò, tó bá lágbára.

Ti ìdí tó tóbi, igi ò lè sanra nínú abọ́ kékeré. Inú ilẹ̀ tàbí ike ńlá ni wọ́n ti ń sanra, ẹ̀ẹ́ fi ẹ̀ka kan nísàlẹ̀ sílẹ̀ kó máa ga lọ fún bí ọdún mélòó kan láìgé e, ìdí á máa nípọn, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ó wá gé ẹ̀ka náà kúrò. Abọ́ kékeré ló ń kẹ́yìn. Àwọn olùtọ́jú bonsai tó kúrò ní Tokyo lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí Omiya nítòsí ibẹ̀ ní 1925, àwọn ọgbà kan ṣì wà níbẹ̀ dòní, bàbá ń fi igi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọdún kan ò lè ṣe é ma.

Sísí Peckham
Ẹ má so wáyà tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀ka mọ́ ọn náà o. Tèmi wọ ara igi kí n tó mọ̀, àpá ẹ̀ ò lọ.

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù. Bàámi á pé ọgọ́rin ọdún ní Òkítóbà, Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ gbé e lọ fún wọn. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ní Osaka ní 1978, láti kékeré wa ni wọ́n ti ń sọ ti igi kan tó wà lórí tábìlì ọ̀gá wọn, tí ewé ẹ̀ máa ń pọ́n bí epo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá ọkọ mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Milton Keynes
Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú sí mi.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Aunty mi, maple ò ní pẹ́ kú ní Abẹ́òkúta. Kò sí òtútù tó máa fi sùn, tí kò bá sì sùn ó máa rẹ̀ ẹ́ títí á fi kú. Igi tó ní yẹ̀pẹ̀ nídìí náà, ẹ ò kàn lè gbé e wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Àmọ́ ọ̀dán wà nílé. Ọ̀dán tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ lọ́jà yẹn, ìdílé ficus ni, àwọn ará ilẹ̀ gbígbóná sì ń fi ficus ṣe bonsai dáadáa, ó fẹ́ràn ooru, ó fara da kí wọ́n gé gbòǹgbò ẹ̀.

Alàgbà, Birmingham
Òótọ́ ni. Ọmọ ẹ̀ máa ń hù lára ògiri àtijọ́, wọn ò ní fi owó rà á.

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Mo ti gbé maple lọ sí gárééjì. Fèrèsé ẹ̀ kéré o, ṣé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á tó? Mo pe bàámi. Wọ́n ní ọ̀dán kan wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń fẹ́ fà tu láti ọjọ́ yìí, àwọn á dúró dè mí ká jọ yọ ọ́. Wọ́n ń bi mí irú ìkòkò tí àwọn máa wá sílẹ̀.

Bọ̀dá Olóko, Croydon
Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé yẹn dáadáa. Ti bàbá, ìṣaasùn amọ̀ ti tó, kí wọ́n lu ihò méjì sí ìdí ẹ̀.