Ṣé kí n kó àwọn ọmọ SS2 lọ sí Kàtídírà Marina, àbí ká kúkú ya Lọ́kọ́ja?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo wà, ìmọ̀ Bíbélì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. A dé orí ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ọmọ kan bá béèrè pé, "Àǹtí, níbo ni sàréè ẹ̀ wà?" Mo ní ó wà ní Cathedral Church of Christ, ní Marina, l'Ékòó. Ni gbogbo kíláàsì bá pariwo pé ká lọ!

Ọkàn tèmi náà ti lọ. Ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1946 ni wọ́n parí ẹ̀.

Ọ̀nà ni wàhálà. Ìyá kan dúró ti tábìlì mi lánàá, ó di fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda mú títí ó fi rún, kò fọwọ́ sí i, kò sì dá a padà. "Tíṣà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Lọ́kọ́ja ńkọ́?"

Mi ò lè bá a jà. Crowther kan náà ló dá ilé ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 1865, a sì lè lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ta ni yóò sọ fáwọn ọmọ yìí?

Ẹni tó bá ti kó ọmọ ilé ìwé gba Òmùò Èkìtì lọ sí Èkó rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ẹ sùn sí Ìbàdàn ni? Ta lẹ kọ lẹ́tà sí ní kàtídírà? Àwọn ọmọ Mùsùlùmí méjì tó fẹ́ bá wa lọ ńkọ́, kí ni mo máa sọ fún bàbá wọn?