Ṣé kí n pa ekòló àti ọ̀kùn inú oko mi ni?

Ìbéèrè láti Mọníyà:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ni mo ń gbìn. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ déédéé ni imí ekòló ti kún ilẹ̀, òmíràn ga tó ìka ọwọ́. Bí mo bá sì ṣí ewé gbígbẹ nídìí àgbàdo, ọ̀kùn á ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Ará oko kejì ní kí n sun gbogbo ewé náà, kí n sì da oògùn apakòkòrò sílẹ̀ kí wọ́n má baà jẹ gbòǹgbò tán. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí níbi tí imí ekòló pọ̀ sí gan-an ni tẹ̀tẹ̀ mi ti tutù yọ̀yọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn láti Ìsẹ́yìn:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn kankan sílẹ̀. Ekòló kì í jẹ gbòǹgbò tó yè. Ewé tó ń jẹrà àti erùpẹ̀ ló ń gbé mì, ohun tó sì ń yà jáde máa ń ní náítírójìn àti kálísíọ̀mù, èròjà tí irúgbìn ń jẹ, ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ihò rẹ̀ ni omi òjò ń bá wọlẹ̀ dípò kó ṣàn lọ, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò ń tọ̀ lọ sísàlẹ̀. Eudrilus eugeniae, ekòló Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí, wà lára àwọn tí wọ́n ń sìn nílẹ̀ òkèèrè láti fi sọ pàǹtí di ajílẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fowó rà ni wọ́n ní kí ẹ pa yẹn.

Ìdáhùn láti Ìwó:
Ọ̀rọ̀ ọ̀kùn yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń jẹ ewé gbígbẹ wẹ́wẹ́, kí àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí tó parí jíjẹrà rẹ̀. Àmọ́ ó máa ń ba ẹ̀pà àti ànàmọ́ jẹ́ nígbà mìíràn. Bí ẹ bá sun ewé, kí ni ẹ fẹ́ kó jẹ? Ẹ kàn fa ewé sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ìdáhùn láti Ṣakí:
Ikán ni kí ẹ máa ṣọ́. Òun náà ń sọ igi òkú àti koríko gbígbẹ di ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gé àgbàdo tó ti gbó lulẹ̀, nítorí náà ẹ tètè kórè.

Láti Mọníyà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti da ewé tí mo gbá jọ padà sáàárín ebè ní àárọ̀ yìí, àwọn ekòló sì ti fa etí ewé mélòó kan wọnú ihò wọn kí n tó kúrò lóko.