Kọ́bílà, àdàlé, àbí máńgòrò oníborí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà tí àbúrò wa tó wà ní Zaria ti gbé ọ̀rọ̀ kọ́bílà yìí kalẹ̀, oúnjẹ òyìnbó tí wọ́n ń fi èso àti fúláwà yan, ni mo ti ń kà á tí mi ò dá sí i, torí mi ò fẹ́ fẹnu sí orúkọ oúnjẹ tí mi ò tíì fọwọ́ ara mi ṣe. Mo ti ṣe é báyìí o, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, nínú kíṣìnnì mi ní Kubwa, l'Ábùjá níbí, mo sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì sọ.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àbúrò wa ń túmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ òyìnbó fún àwọn ìyá kan tó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́, ó dé orí kọ́bílà tí wọ́n fi èso píìṣì ṣe, ẹ̀rọ atúmọ̀ tó ń lò wá fún un ní "aránbàtà". Ló bá sáré wá bi wá pé kí ni ká máa pè é. Bàbá wa ní Ìlọrin ní ká pè é ní àkàrà òyìnbó eléso. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ní àdàlé ló yẹ kó jẹ́, torí pé wọ́n ń da fúláwà pípò lé èso lórí, bí àdàlú ṣe jẹ́ ẹ̀wà àti àgbàdo tí wọ́n dà lú ara wọn. Ẹlòmíì ní ká fi í sílẹ̀ ní kọ́bílà bẹ́ẹ̀, ṣebí búrẹ́dì náà, àwa kọ́ la sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́bílà. Mi ò bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò rárá. Bọ́tà, ṣúgà, búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ là ń lò. Àlùbọ́sà tí à ń gé sọ́bẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ Hausa la ti gbà á, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, ẹnikẹ́ni ò sì rántí pé àlejò ni mọ́. Máńgòrò gan-an, láti Íńdíà ni orúkọ yẹn ti rìn wá, Pọtogí gbé e, Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo rí sí kọ́bílà ni pé ẹnì kan ti ń jẹ́ orúkọ yẹn láàárín wa, aránbàtà ni. Láàárọ̀ yìí tí mo ń kọ èyí, ó ti kọjá lẹ́yìn fèrèsé mi, ó gbé àpótí kọ́ èjìká, ó ń fi igi lù ú kọ́ kọ́ kọ́, kí ẹni tí bàtà ẹ̀ bá já lè pè é. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí o bá sọ fún ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó yan kọ́bílà, ọkùnrin yẹn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àwọn tó lèdè gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé wọn délẹ̀. Wọ́n ti rí i nínú ìwé wọn láti 1859, síbẹ̀ àwọn kan ní orúkọ abọ́ onígi àtijọ́ kan ló ti wá, àwọn kan ní torí ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun bí títì tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ni, wọn ò sì tíì fẹnu kò. Tí àwọn tó ni ín ò bá mọ ohun tó sọ, kí ló dé tí àwa á fi rù ú?

Àkàrà òyìnbó ti Bàbá, mo mọ ibi tí Bàbá ti mú un wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àkàrà ti gbòòrò láyé àtijọ́ ju bó ṣe wà lẹ́nu wa lónìí lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, àkàrà ni wọ́n pe búrẹ́dì, ibẹ̀ la ti gbọ́ àkàrà aláìwú. Ṣùgbọ́n báyìí, tí a bá ti ní àkàrà òyìnbó, kéèkì ni, kéèkì ọjọ́ ìbí, kéèkì ìgbéyàwó. Nǹkan tí à ń sọ yìí kì í ṣe kéèkì. Inú kéèkì ni èso máa ń wà. Nínú eléyìí, èso gan-an ni oúnjẹ, fúláwà ló wá bá a.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọn ò rí ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe páì àti púdìnnì wọn nílé, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ófùnù, ni wọ́n bá ń kó èso sínú ìkòkò irin, wọ́n á fi fúláwà pípò bò ó, wọ́n á gbé e ka ẹyin iná, wọ́n á tún kó ẹyin iná lé ọmọrí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ǹjẹ́ kì í ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe kéèkì nìyẹn kí ófùnù tó dé, iná lókè, iná nísàlẹ̀? Ọ̀nà yẹn ò ṣàjèjì sí wa rárá. Páì ní ilẹ̀, ó ní ògiri, ẹ wo mítì páì. Eléyìí ò nílẹ̀, òrùlé nìkan ló ní.

Píìṣì kì í rọrùn rí níbí, igi ẹ̀ fẹ́ òtútù kó tó so dáadáa, ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà ni wọ́n fi í mọ̀. Máńgòrò ni mo lò ní tèmi. Àsìkò ẹ̀ náà la wà, mo lọ sí ọjà èso ní Zuba láàárọ̀ kùtù, mo ra èyí tó tóbi tí fọ́nrán inú ẹ̀ ò pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kíní, mo ṣe é bí ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ṣe ní i lọ́kàn. Mo gé máńgòrò mẹ́rin sínú abọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo wọ́n ṣúgà díẹ̀ lé e, mo wá po fúláwà pẹ̀lú bọ́tà, béékìn pàúdà, iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ àti mílíìkì tí ò pọ̀ kó lè ki, mo ń fi ṣíbí bù ú lé e lórí níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń da àkàrà sínú epo. Ó dáa, àdàlé bá eléyìí mu dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an ní àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òun sì ni ìwé àbúrò wa gbé kalẹ̀, mo padà lọ wò ó. Wàá yọ́ bọ́tà bí ìdajì kọ́ọ̀pù sínú abọ́, wàá po fúláwà kọ́ọ̀pù kan, ṣúgà kọ́ọ̀pù kan, mílíìkì kọ́ọ̀pù kan àti béékìn pàúdà ṣíbí kékeré méjì, wàá dà á sórí bọ́tà yẹn, o ò ní rò ó o, ìgbà yẹn lo máa wá to máńgòrò sójú ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, fúláwà ló wà nísàlẹ̀, èso ló wà lókè. Mo gbé e sínú ófùnù ní 180 dígírì, mo fa àpótí jókòó síwájú gíláàsì ẹ̀, mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, etí abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Fúláwà ń gba àárín máńgòrò gòkè wá díẹ̀díẹ̀, máńgòrò tó wúwo ń rì, béékìn pàúdà ń fẹ́ fúláwà sókè, ó ń yí etí máńgòrò ká, ó ń gbà á mọ́ra, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tó máa fi tó àádọ́ta ìṣẹ́jú, ṣónṣó máńgòrò bíi mẹ́ta mẹ́rin péré ló kù tó yọjú, omi ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ń hó lẹ́bàá ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló da fúláwà yẹn lé e? Kò sẹ́ni tó dà á lé e, òun fúnra ẹ̀ ló gòkè lọ bò ó. Àdàlé sọ ohun tí ọwọ́ ṣe nínú ọ̀nà kan, ó wá parọ́ nínú èkejì. Ohun tí ọ̀nà méjèèjì jọ ní ni pé nígbà tó bá jinná, fúláwà ti bo èso. Bò ni ọ̀rọ̀ wa.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni aládùúgbò mi wọlé wá gba ìkòkò ẹ̀, ọmọ Kánò ni, Hajiya là ń pè é. Ó wo abọ́ yẹn, ó ní "mangwaro ya yi lulluɓi". Mo bi í pé kí ni lulluɓi, ó fa gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà léjìká ẹ̀ sókè, ó fi bo orí títí dé àyà. Mo ní ìborí nìyẹn! Àṣé ọ̀rọ̀ ti wà nílé.

Ohun tí mo mú wá nìyẹn: máńgòrò oníborí. Tó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀yìnbó, ọ̀pẹ̀yìnbó oníborí. Tí a bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, èso oníborí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kí ló dé tí kò jẹ́ ìdérí. Ẹ jọ̀ọ́, dé àti bò kì í ṣe ọ̀kan náà. A ń dé fìlà, a ń dé ìkòkò, ohun tí a bá dé, a lè ṣí i nígbàkígbà kó padà sí bó ṣe wà. Ohun tó bá bo nǹkan lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó gba ìrísí ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣí fúláwà yẹn kúrò lórí máńgòrò, ẹ máa rí i pé ó ń bá a bọ̀. Ẹlòmíì lè ní ìborí ti di ti ẹ̀sìn, pé ká má lọ ṣẹ àwọn kan. Mùsùlùmí ń borí, àwọn ìyá Aládùúrà ń borí, ìyàwó ilé tó fẹ́ jáde lóòrùn náà ń borí, ìbọ̀wọ̀ àti ìtọ́jú ni gbogbo wọn fi ń ṣe, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Hajiya ló kọ́kọ́ sọ ọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀rọ̀ ìṣe kún un, torí ẹnì kan kọ ọ́ níjọ́sí pé "dín kọ́bílà", ó sì dùn mí. Dídín, epo ló ń ṣe é, dòdò là ń dín, dùndú là ń dín. Sísun, inú iná tàbí ojú iná ni, iṣu sísun, àgbàdo sísun. Yíyan ni ti kí ooru rọra yí nǹkan ká títí omi ara ẹ̀ á fi fà, bí ẹja yíyan. Ohun tí ófùnù ń ṣe gan-an nìyẹn. Nítorí náà, àbúrò, "yan máńgòrò oníborí" ni kó o kọ síbẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn tún bá ẹ ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni omi pupa tó ń hó lẹ́bàá abọ́ yẹn, èyí tó ti ki bí oyin nígbà tó tutù. Omi máńgòrò kò tó o, ọbẹ̀ sì kọ́. Bàbá wa ní Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ máa ń pe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?